Mọ́gàjí Tí Wọ́n Pè Lórúkọ

Kòtò ìpìlẹ̀ ni Àlájà Nímọ́tà kọ́kọ́ rí. Láti Ẹ̀jìgbò ló ti jókòó síwájú lọ́rì, bùlọ́ọ̀kù kún ẹ̀yìn, ó ń fọkàn kọ́lé bí lọ́rì ṣe ń gbọ̀n wọ́n lọ lójú ọ̀nà Ìsùndùnrìn: pálọ̀ níbí, ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, yàrá tí òun fúnra òun yóò máa sùn lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ariwo kò ní dé. Bí lọ́rì ṣe yà sórí ilẹ̀ ni ó bá àwọn bíríkìlà nínú kòtò. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé orúnkún. Ọ̀kan nínú wọn ń kọrin.

"Ta ló ní kí ẹ gbẹ́lẹ̀ níbí?"

"Ẹni tó nilẹ̀ ni, Àlájà."

"Èmi ni mo nilẹ̀!"

Ọkùnrin kan tó sanra díẹ̀ dìde lábẹ́ igi kaṣú. Mùíbì ni, awakọ̀ pikọ́ọ̀pù tó máa ń kó ẹrù àgbẹ̀ wọ̀lú, òun ló gbé iṣẹ́ fún àwọn bíríkìlà náà. Ó ní òun ti ra ilẹ̀ yìí láti oṣù tó kọjá. Àlájà ní irọ́ ni, òun ti rà á ṣáájú ìgbà yẹn. Mùíbì ní lọ́wọ́ Àlájì Mùtàlíbù ajẹ́ǹtì ni òun ti rà á. Àlájà ní lọ́wọ́ Mùtàlíbù kan náà ni. Àwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn.

Bàbá àgbàlagbà kan tó gbé àdá lé èjìká, tó ń lọ sóko rẹ̀, ti dúró létí títì, ó ń gbọ́ wọn.

"Ẹ kú àárọ̀ o," ni bàbá náà wí. "Èmi ni Oyèdèjì, mọ́gàjí ilé Ológìdì. Àwa la nilẹ̀ yìí látọjọ́ tó ti pẹ́. A kò tà á fún ẹnikẹ́ni nínú yín."

Àlájà Nímọ́tà kò pariwo. Ó yí padà, ó lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bùlọ́ọ̀kù lẹ́yìn lọ́rì, ó sì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Tàjùdíìnì! Ìwọ ọmọ Ọmọpẹ́! Ìwọ lo mú mi dé ibí. Nítorí ìyá rẹ ni mo ṣe gbà ọ́ gbọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ta aṣọ nínú oòrùn Àbíjáǹ, ṣé o gbọ́? Gbogbo ọjọ́ ayé mi!"

 Ojú ti Tàjùdíìnì, inú sì ń bí i, kò tilẹ̀ mọ èyí tó pọ̀ jù.

Àbíjáǹ ni òun náà ti dé. Pátì kẹ̀kẹ́ ló ń tà níbẹ̀ títí ọjà fi dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó wálé, wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, ilẹ̀ ń gbówó lórí lójoojúmọ́, gbogbo àwọn tó ti ìdálẹ̀ dé sì ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́lé sí kí àwọn ará ilé tó bá wọn ná owó wọn tán. Tàjù ní òun yóò dán iṣẹ́ ajẹ́ǹtì wò fún ìgbà díẹ̀, kí òun mọ̀ bóyá ó bá òun lára mu. Ó lọ bá Àlájì Mùtàlíbù, tó ní ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì.

Ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ náà kò tíì fún un ní nǹkan kan ju ẹsẹ̀ wíwú lọ. Á rìn kiri nínú oòrùn, á fi ilẹ̀ han èèyàn títí ọ̀fun á fi gbẹ, ẹni náà á ní òun ń bọ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn mìíràn á yọ́ lọ bá onílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ tán, alárenà a yẹ̀ba, ṣùgbọ́n ti Tàjù burú ju ti alárenà lọ, nítorí wọn kì í tilẹ̀ jẹ́ kó dé ibi ìgbéyàwó. Bó bá ráhùn, Àlájì Mùtàlíbù á rẹ́rìn-ín, á ní, "Fara balẹ̀. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ́, ìwọ lo ò tíì mọ̀." Àlájà Nímọ́tà ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó bá a dé òpin. Òpin náà ló wá dì í lọ́rùn yìí.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n gbà lọ. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n ya ọ́fíìsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì. Àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta bùrẹ́dì níwájú ibẹ̀ ní Àlájì ti kó àga rẹ̀ pàápàá lọ.

Ẹni tó gba ẹjọ́ wọn, Sájéǹtì Oyèníran, jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Ìyẹn ló mú kí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba èèyàn.

"Ta ló ta ilẹ̀ fún Àlájà?"

"Mọ́gàjí Bùràímọ̀ ni, sà."

"Mọ́gàjí Oyèdèjì ló jókòó síta yẹn."

"Mo ti rí wọn, sà."

"Bùràímọ̀ wo wá ni?"

"N kò mọ̀, sà. Ọ̀gá mi ló mú wa lọ bá wọn nílé kan ní Ìsùndùnrìn."

"Ọ̀gá rẹ dà?"

"Wọ́n ti sá, sà."

"Ilé yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ní ilé àyágbé ni, sà. Àwọn tó yá a ti kó jáde."

Sájéǹtì wò ó títí. "Ìwọ lo mú obìnrin yìí lọ. Ìwọ lo ń ki ilẹ̀ fún un. Nínú gbogbo ẹni tó jẹ nínú owó yìí, ìwọ nìkan ni ọwọ́ mi tó. Kí ló dé tí n kò fi ní tì ọ́ mọ́lé?"

Àlájà ló gbà á sílẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ti ọmọ Ọmọpẹ́ mọ́lé lónìí. "Ṣùgbọ́n bí Jímọ̀ bá pé tí n kò rí Mùtàlíbù," ni ó wí, "n ó dìde lẹ́yìn ìrun, n ó sọ fún gbogbo mọ́ṣáláṣí pé ọmọ Ọmọpẹ́ ló lù mí ní jìbìtì. Kí olúkúlùkù mọ irú ọmọ tí Ọmọpẹ́ bí."

Ìyá Tàjù ń gbé ní Ẹ̀jìgbò yìí. Ọ̀nà kan náà ló ń gbà lọ sọ́jà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Kì í ṣe àtìmọ́lé ló ń ba Tàjù lẹ́rù mọ́. Ó ń ro bí ìyá rẹ̀ yóò ṣe kọjá lójú ọ̀nà yẹn lẹ́yìn Jímọ̀.

Ó délé, kò lè jẹun. Mùínàt, ìyàwó rẹ̀, gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó gbé e kúrò, kò bèèrè nǹkan kan. Tàjù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ta ló rán òun níṣẹ́? Pátì kẹ̀kẹ́ kì í purọ́ fún èèyàn. Bí bíréèkì kẹ̀kẹ́ bá ti já, ó já náà ni.

"Akọ́wé," ni Mùínàt ké láti ẹ̀yìnkùlé. "Akọ́wé o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé korobá yìí wọlé."

Mùkáílà ló ń pè, àbúrò Tàjù, tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Tàjù gbé orí sókè.

"Mùínàt, kí ló dé tí o kì í pe Mùkáílà lórúkọ?"

"Ẹ̀yin náà, kí ló ṣe yín?" Mùínàt yọjú. "Mo bá wọn nílé ni. Ọkọ mi ni wọ́n, bí wọ́n tiẹ̀ kéré. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní wọn ò kọ́ mi nílé ni?"

"Bó bá wá jẹ́ mọ́gàjí ilé ńkọ́?"

"Ta ló jẹ́ pe mọ́gàjí lórúkọ? Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa wà, 'Bàbá' ni n ó máa pè wọ́n. Ìyàwó wo nìyẹn?"

Tàjù ti dìde. Ó fi ọwọ́ lu orí ara rẹ̀ débi pé Mùínàt sáré sí i.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n sanwó ilẹ̀, wọ́n jókòó sí pálọ̀ ní Ìsùndùnrìn, òun, Àlájà àti Mùtàlíbù. Obìnrin kan ló gbé omi wá fún wọn. Mùtàlíbù ní ìyàwó àbúrò mọ́gàjí ni, ó wọ ilé náà láti kékeré. Obìnrin náà wá kọjú sí yàrá, ó ké mọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀: "Bùràímọ̀! Wọ́n ti dé o. Jáde wá, kí o sì ti bọ́tìnì rẹ dáadáa." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìyàwó ilé pe mọ́gàjí lórúkọ, ó tún bá a wí nítorí bọ́tìnì, níwájú àlejò! Ọmọ Yorùbá ni òun àti Àlájà, etí wọn sì ṣí sílẹ̀. Àlájà ń ro ilé, òun ń ro ìpín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

Obìnrin tó ń bá ọkùnrin sọ̀rọ̀ báyẹn kì í ṣe ìyàwó ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ẹni tó pọ̀n ọ́n rí. Tàjù sì mọ ibi tó lọ lọ́jọ́ náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bá a dá máṣíìnì dúró. Ìlú Ara ni obìnrin náà ní kí wọ́n gbé òun lọ, ó ń kánjú, ó ní òun fi gàrí tí òun ń yan sílẹ̀ lórí iná.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Tàjù sọ gbogbo rẹ̀ fún Sájéǹtì. Sájéǹtì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀sùn wo ni kí n wá kọ sílẹ̀? Pé obìnrin pe ọkùnrin lórúkọ?"

"Ìyàwó àbúrò mọ́gàjí, sà. Ó pe mọ́gàjí lórúkọ."

"Mo gbọ́ ọ." Ẹ̀rín ṣì wà lójú Sájéǹtì, ó wá ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Ìyàwó àbúrò rẹ̀. Lójú yín?"

"Lójú wa, sà."

Sájéǹtì mú fìlà rẹ̀ lórí tábìlì.

Pikọ́ọ̀pù Mùíbì ni wọ́n gbé. Mùíbì kò fẹ́ fún ẹnikẹ́ni wà, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lé olè náà bá. Ní Ara, wọ́n júwe ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí fún wọn. Èéfín gba ibẹ̀ kan, àwọn obìnrin ń yan gàrí, gbogbo wọn tẹ orí ba, ojú wọn kò hàn. Tàjù dúró, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Ẹ kú iná o. Ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀ ni mo ń wá."

Obìnrin kan gbé orí sókè kó tó rántí pé ó yẹ kí òun tẹ̀ ẹ́ ba. Òun ni.

"Kí lorúkọ yín?" ni Sájéǹtì bi í.

"Bàṣírátù."

"Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó ilé Ológìdì?"

"Èmi kẹ̀? Ọmọ Ara ni mí, Ara náà ni mo ti lọ́kọ."

"Ta ni Bùràímọ̀ sí yín?"

Obìnrin náà tún tẹ orí ba. Sájéǹtì fa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde, ó gbé e lé orí àgbá tó wà láàárín wọn.

"Àbúrò mi ni. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, gàrí mi ń jóná."

"Ẹ jẹ́ kó jóná. Níbo ló wà?"

"Wọ́n ní mọ́gàjí gan-an ń ṣàìsàn ni. Wọ́n ní ká kàn bá wọn dúró dè é, kí oníbàárà má baà bínú lọ. Àlájì ní kò sí láburú ńbẹ̀."

"Mo ní níbo ló wà?"

"Ó wà ní Ọlá. Ẹ má nà án, sà."

Wọ́n mú un sínú ọkọ̀. Ní Ọlá, Bùràímọ̀ jókòó sídìí ayò, ó ń fi àwọn tó ń bá a ta ayò ṣẹ̀sín pé òun ti jẹ wọ́n. Ó rí aṣọ ọlọ́pàá, ó ju ọmọ ayò nù, ó sì fò sínú oko ẹ̀gẹ́. Tàjù tẹ̀ lé e. Ebè ń mì í síhìn-ín, ó ń mì í sọ́hùn-ún, ewé ẹ̀gẹ́ ń gbá a lójú. Ó nawọ́ mú etí ẹ̀wù lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wù já, Tàjù ṣubú lulẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tó dìde, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó fẹ́ sunkún. Ó dúró láàárín oko olóko, ó di àkísà ẹ̀wù mú, ó ń búra pé òun kò tún ní fi ilẹ̀ han ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi kú.

Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ lódìkejì oko. Mùíbì ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn yípo, Bùràímọ̀ sì já sí i lọ́wọ́ níbi tó ti rò pé òun ti bọ́. Nígbà tí Tàjù dé ibẹ̀, mọ́gàjí ayédèrú ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń gbá a létí látinú ọkọ̀. Sájéǹtì kò dí obìnrin náà lọ́wọ́.

"Níbo ni Mùtàlíbù wà?"

"Ẹ ṣàánú mi, sà."

"Àánú á dé. Níbo ló wà?"

"Àbíjáǹ ló ń lọ! Ọkọ̀ òní ló máa wọ̀. Ìpín tó ṣẹ́kù fún mi, kò tíì fún mi, sà, bó ṣe máa lọ nìyẹn!" Ó wá ń sunkún gidi, bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n lù ní jìbìtì.

Páàkì ti ń dá nígbà tí wọ́n dé Ẹ̀jìgbò. Ọkọ̀ Àbíjáǹ ti gbéra. Wọ́n já Bùràímọ̀ àti Bàṣírátù sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n forí lé ọ̀nà Ìwó. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ Mùíbì fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ìkòkò. Omi ti tán lórí ẹ́ńjìnnì. Mùíbì ń bú u, Sájéǹtì ń wo iwájú títì, Tàjù sì sáré wọ abúlé lọ tọrọ omi. Ẹni tó kọ́kọ́ bá ní omi mímu àwọn kò tó. Ẹnìkejì ní kó kọ́kọ́ kí òun dáadáa. Tàjù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, omi lójú, kí wọ́n tó bu omi fún un.

Bí wọ́n ṣe gun òkè kan báyìí, Mùíbì tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ Àbíjáǹ nìyẹn, ó dúró létí mọ́ṣáláṣí kékeré kan. Àwọn èrò ń kírun alásárì. Àlájì Mùtàlíbù wà ní sàfù iwájú, ìlà àkọ́kọ́ lẹ́yìn lèmọ́mù, pẹ̀lú báàgì dúdú kan níwájú rẹ̀.

Sájéǹtì ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé kí Tàjù tó dì í mú. "Sà, bàtà! Ìrun ni wọ́n ń kí." Sájéǹtì, tó jẹ́ ọmọ ìjọ, fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí Tàjù lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ba, Mùtàlíbù gba abẹ́ apá rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó rí bàtà ọlọ́pàá. Wọ́n forí kanlẹ̀, òun náà forí kanlẹ̀. Wọ́n gbé orí sókè, òun kò gbé e. Lèmọ́mù sálámà, àwọn èrò ń bọ ara wọn lọ́wọ́, awakọ̀ ti ń fọn fèrè, Mùtàlíbù ṣì fi iwájú orí lélẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ náà ti gbé e mì.

"Àlájì, a ti parí o," ni lèmọ́mù wí jẹ́jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa tọrọ," ni Sájéǹtì fèsì láti ẹnu ọ̀nà. "Ohun tí wọ́n fẹ́ tọrọ pọ̀."

Mùtàlíbù fò dìde, ó gbá báàgì mọ́ra, ó sì sáré sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Tàjù dúró níbẹ̀, eruku abúlé ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀.

"Tàjù, ọmọ mi. Yà fún mi. Tìrẹ wà nínú rẹ̀."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá."

"Má ya wèrè. Yà!"

"Mo ní kí ẹ jókòó, sà!"

Inú ń bí i, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ kò lè yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ìyẹn náà tún ń bí i nínú. Sájéǹtì dé látẹ̀yìn, ó sì di ọwọ́ olè náà pa.

Ní tésàn ọlọ́pàá, Mùtàlíbù kò jẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà púpọ̀. Báàgì ti ṣí, náírà àti sẹ́fà, owó Àbíjáǹ, ló kún inú rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé yàtọ̀ sí Àlájà àti Mùíbì, àwọn méjì mìíràn tó ra ilẹ̀ náà ṣì wà ní Àbíjáǹ, wọn kò tíì mọ̀.

"Kò le rárá," ni ó wí, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọṣẹ́. "Àwọn ará Àbíjáǹ ń kánjú. Bí wọ́n bá ti rí àgbàlagbà tó wọ agbádá, wọn kì í bi ará àdúgbò léèrè ọ̀rọ̀ mọ́."

"Ìwọ lo gba Tàjù síṣẹ́," ni Sájéǹtì wí. "Ṣé ó mọ̀ sí i?"

"Bó bá mọ̀, ṣé ó máa wúlò?" Mùtàlíbù yí ojú sí Tàjù. "Èmi, bí mo bá rẹ́rìn-ín sí èèyàn, àpò rẹ̀ ló máa dì mú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ojú tìrẹ, á dà bíi pé wọ́n dé ilé ìyá wọn. Ojú yẹn ni mo fi ta ilẹ̀. Mo ti sọ fún ọ pé iṣẹ́ yìí yẹ ọ́."

Ó dun Tàjù ju kí wọ́n gbá a létí lọ. Ó jáde síta.

Ìròyìn ti dé ọ̀dọ̀ Àlájà Nímọ́tà. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà tésàn, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń ké "Alhamdulilahi" léraléra, gèlè rẹ̀ ti bọ́. Mùíbì ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Àlájà fa Tàjù mọ́ra. "Má bínú, ọmọ Ọmọpẹ́. N ó lọ bẹ ìyá rẹ fúnra mi kí Jímọ̀ tó pé." Ó fi etí ìborùn nu imú. "Ta ni yóò wá bá mi wá ilẹ̀ mìíràn báyìí?"

Gbogbo wọn wo Tàjù.

"Kì í ṣe èmi, Àlájà. Ẹ forí jì mí. Kì í ṣe èmi."

Ó délé, ó jẹun tán, ó ní kí Mùínàt gba òun láyè kí òun sinmi. Mùínàt kó abọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Wọ́n ní Àlájà tún bẹ̀ yín níṣẹ́."

"Mo ní n kò ṣe. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe ṣe é dáadáa tó ni olè á ṣe rí i lò tó, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? N ó padà sídìí pátì kẹ̀kẹ́."

"Ó dáa. Ta wá ni wọ́n máa lọ bá?"

"Wọ́n á rí ẹni bá. Ajẹ́ǹtì kún páàkì."

"Irú ta ni?"

 Tàjù mọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ bí olúkúlùkù wọn ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ń kùn. Ó wá dìde, ó wá bàtà rẹ̀, ó bú bàtà náà nítorí pé kò tètè rí i, ó sì jáde.

Inú ṣì ń bí i nígbà tó kan ilẹ̀kùn Àlájà.